Má Fi Bàtà Bàbá Ṣọ́jà Gun Àpáta

Ìwó, olódò Ọbà.

Múfú, Àkànní ọmọ mi, ọkọ mi, àrẹ̀mọ mi,

Awakọ̀ tí o fi lẹ́tà rán láti Ìgbẹ́tì ti fi í lé mi lọ́wọ́. Mo kà á, mo tún un kà, mo sì tì í sábẹ́ ìrọ̀rí. Inú mi dùn pé ara rẹ le, pé bánkì tó gbé ọ kúrò ní Òṣogbo ti wá yàrá gidi fún ọ, pé àwọn ọdẹ ibẹ̀ sì ti gbà ọ́ mọ́ra, tí ẹ jọ ń gun òkè lọ́jọ́ Sátidé. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí o fi kádìí lẹ́tà náà ni mo fi gbé bíróò. O ní: "Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n wọ bàtà Bàbá Ṣọ́jà bí ẹbí ṣe fẹ́, kí àlàáfíà lè wà nínú ilé. Ọjọ́ kan péré ni."

Mo ní rárá.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Mi ò bẹ ọmọ iléèwé kankan kó bá mi kọ ọ́, torí ẹni tó bá bá mi kọ ọ́ á fẹ́ bu omi sí i. Bí àwọn ìlà tí mo kọ bá wọ́, fojú fò wọ́n. Ọ̀rọ̀ inú wọn kò wọ́.

O mọ ìtàn bàtà náà bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ níta. Bàbá Ṣọ́jà, bàbá tó bí bàbá rẹ, ló wọ̀ ọ́ bọ̀ láti ogun Hítílà. Inú àpótí pákó ní yàrá Bàbá Àgbà, àbúrò wọn tó jẹ́ olórí ilé wa, ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Wọ́n ní àṣà ilé ni pé bí ọdẹ bá kú, àrẹ̀mọ rẹ̀ ni yóò wọ bàtà náà lọ sí ọdẹ àkọ́kọ́ tí yóò ṣe lórúkọ bàbá rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ bọ́ ọ títí tí yóò fi pẹran wálé. Àṣà wo? Nígbà tí Bàbá Ṣọ́jà kú ni Bàbá Àgbà dá a sílẹ̀, bàbá rẹ sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe é. Mo ti ń dáná nínú ilé yìí kí àṣà náà tó dé. Bó bá jẹ́ ti ká kí àgbà ni, àṣà yẹn ló yẹ kó kúnlẹ̀ fún mi.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó kọjá, Bàbá Àgbà wá bá mi ní ìsọ̀ mi ní ọjà Odò-Ọ̀rì. Òkìtì bàtà òkìríkà wà lọ́tùn-ún mi, òkìtì wà lósì, èmi wà láàárín. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ìyàwó," ni wọ́n wí, "ọdún kan ikú bàbá Múfú ti fẹ́ẹ̀ pé o. Bàtà ilé kò gbọdọ̀ ṣófo ju ọdún kan lọ. Ẹsẹ̀ kan nínú ilé gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Bí Múfú bá wá ṣe Iléyá, ọjọ́ kẹta ọdún la ó mú un gun àpáta ẹ̀yìn ìlú Kúta."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, bàtà yẹn ò lè gba ẹsẹ̀ Múfú."

"Ta ló bi ọ́ léèrè ẹsẹ̀? Ọ̀rọ̀ ilé là ń sọ."

"Ẹsẹ̀ la fi ń wọ bàtà, Bàbá. A kì í fi ilé wọ̀ ọ́."

Àwọn tó ń ná bàtà lọ́wọ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Àgbà kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n ní, "Ìwọ obìnrin yìí, kí lo mọ̀ nípa ọdẹ?"

Mo ní, "Mi ò mọ nǹkan kan nípa ọdẹ, Bàbá. Bàtà ni mo mọ̀."

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀. Orúnkún mi kò bá wọn jà, ẹnu mi nìkan ló ń jà. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, èmi sì ti dákẹ́ nígbà kan rí nínú ilé yìí. Jẹ́ kí n sọ ti ìgbà náà fún ọ, torí ọmọ kékeré ni ọ́, ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Olúpọ̀nnà lo sì wà lọ́jọ́ náà.

Bàbá Ṣọ́jà kúrú, ẹsẹ̀ wọn sì kéré. Bàbá rẹ ga, ẹsẹ̀ wọn gùn débi pé mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹsẹ̀ wọn ló ń kọ́kọ́ wọlé, ojú wọn á wá tẹ̀ lé e. Láàárọ̀ ọjọ́ ọdẹ náà, ńṣe ni wọ́n ká gbogbo ọmọ ìka ẹsẹ̀ kò kí wọ́n tó lè wọ bàtà baba wọn. Nínú yàrá, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè gbọ́, wọ́n sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé, "Ìyá Múfú, bàtà yìí ń pa mí."

Mo dá wọn lóhùn pé, "Ẹ fara dà á. Ọjọ́ kan péré ni."

Àkànní, ṣé o wá rí ìdí tí mo fi ní rárá? Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni o kọ ránṣẹ́ sí mi, láìmọ̀. Lọ́jọ́ ìyẹn, mo tún dìde, mo ń fi oríkì ilé sìn wọ́n lọ sẹ́nu ọ̀nà, mò ń pariwo akọni, akọni. Ariwo mi pọ̀ débi pé mi ò gbọ́ bí ẹsẹ̀ wọn ṣe ń wọ́ nílẹ̀.

Òjò ti rọ̀ sórí àpáta. Àtẹ́lẹ̀ bàtà náà ti dán, ìṣó tí àwọn òyìnbó kàn sí i ti jẹ tán. Bàbá rẹ yìnbọn fún ìgalà kan, wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ tọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ tó kákò kì í di ilẹ̀ mú. Bàtà yọ̀, wọ́n sì já wálẹ̀. Ilẹ̀kùn kan tí wọ́n yọ nínú ahéré ni àwọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ wọn fi gbé wọn wálé. Egungun itan ṣẹ́. Àwọn tó ń to egungun tò ó, ó sì so, àmọ́ ó so ní wíwọ́. Ọ̀pá tí o mọ̀ mọ́ bàbá rẹ títí wọ́n fi kú, ibẹ̀ ló ti wá. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n jókòó sí fún ìyókù ayé wọn, níbẹ̀ sì ni wọ́n ti kọ́ ọ bí a ṣe ń di ìbọn, torí wọn kò lè mú ọ lọ sígbó.

Àwọn ará ilé ní ayé ló ṣe wọ́n. Wọ́n ní ọdẹ kan láti Ilé-Ogbó ló fi nǹkan sójú ọ̀nà. Wọ́n fi ẹ̀sùn yẹn ba ọ̀rẹ́ àtayébáyé jẹ́, títí di òní wọn kì í kí ara wọn. Èmi ní bàtà ni. Mo ní bàtà ni nígbà náà, wọ́n ní kí n dákẹ́, mo sì dákẹ́. Bàbá rẹ nìkan ló rẹ́rìn-ín lórí ẹní níbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí. Wọ́n ní, "Bàbá mi kúrú. Kò sẹ́ni tó rántí."

Ó tó. Inú mi ti rọ̀ díẹ̀. Jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bàtà.

Èkínní, mi ò ní ra bàtà fún ọ, bí mo tilẹ̀ jẹ́ oníbàtà. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, èrè àkọ́kọ́ tí mo rí, bùútù ni mo fi rà fún bàbá rẹ. Bùútù dúdú ni, ó ń dán débi pé mo fi wo ojú mi. Mi ò mú ẹsẹ̀ wọn dání lọ sọ́jà, ojú mi nìkan ni mo mú lọ. Wọ́n wọ̀ ọ́ lọ sígbó Olúpọ̀nnà láti mú inú mi dùn. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń rìn, bùútù sì ń fì lẹ́nu ìbọn. Àwọn ará àdúgbò ní, "Ẹran wo lẹ pa bọ̀ yìí?" Wọ́n ní, "Ìyàwó mi ló pa á, èmi kàn gbé e ni." Odidi ọdún kan ni wọ́n fi ń pè mí ní Ìyàwó Ọdẹ-bàtà. Nítorí náà, ìwọ fúnra rẹ ni kí o gbé ẹsẹ̀ rẹ wá. Sátidé tó ń bọ̀ ni kí o wá, má dúró de Iléyá. Mo mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Bí o bá sọ̀ nínú ọkọ̀, má kọ́kọ́ yà sílé, ìsọ̀ mi ni kí o bọ́ sí. Má sì tètè dé. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ dára jù, torí ẹsẹ̀ tó ti ń rìn láti àárọ̀ á ti wú díẹ̀, bó ṣe máa ń wú nínú igbó. Bàtà tó gba ẹsẹ̀ láàárọ̀ lè fún un pa nírọ̀lẹ́. Mú ìbọ̀sẹ̀ nínípọn tí o máa fi ṣọdẹ dání. Má wọ ìbọ̀sẹ̀ bánkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wá bá mi.

Èkejì ni bí a ṣe ń wọ̀ ọ́ wò. Kí o tó so okùn rẹ̀, ti ẹsẹ̀ síwájú títí ọmọ ìka á fi kan imú bàtà. Ó yẹ kí ìka ọwọ́ kan lè wọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀ rẹ. Lẹ́yìn náà, so ó le, kí o dúró lórí pákó tí mo fi ń yí ẹrù sọ̀ nínú ọkọ̀. Máa kọjú sí ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń bọ̀ láti orí òkè. Bí ọmọ ìka bá kan iwájú, bọ́ ọ. Bí gìgísẹ̀ bá ń gbéra nínú rẹ̀, bọ́ ọ. Bàtà burúkú kì í sọ ara rẹ̀ nígbà tí a bá ń gòkè, ìgbà tí a bá ń sọ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá ní "wọ̀ ọ́ lọ, ó máa fẹ̀," má gbà á gbọ́. Èmi náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà, mo sì mọ ohun tí mò ń ṣe. Awọ lè fẹ̀ díẹ̀, kì í gùn.

Ẹ̀kẹta, dojú bàtà dé. Ó yẹ kí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ní eyín bíi ti táyà katakata, kó lè bu àpáta jẹ. Fi èékánná tọ etí rẹ̀ wò bóyá wọ́n rán an ni àbí gọ́ọ̀mù lásán ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Èyí tí wọ́n lẹ̀, òjò kan péré ló máa fi yanu. Di imú àti ẹ̀yìn rẹ̀ mú, kí o tẹ̀ ẹ́. Ibi tí ọmọ ìka ti ń ká ni kó ti ká, kó má ká láàárín. Kí ọrùn rẹ̀ ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀ rẹ, kó dì í mú bí ẹsẹ̀ bá fẹ́ yí. Kí ahọ́n rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n rán mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ìjàlọ àti èèmọ́ má rọ́nà wọlé. Mo gbọ́ pé bùútù rọ́bà ni ọ̀pọ̀ ọdẹ Ìgbẹ́tì ń wọ̀. Bùútù rọ́bà dára ní àkùrọ̀. Lórí òkè, ẹsẹ̀ á máa làágùn nínú rẹ̀, á máa yọ̀ síwá sẹ́yìn, kó tó di ọ̀sán á ti bó.

Bí a bá wá rí èyí tó tọ́, má rò pé ó ti parí. A kì í wọ bàtà tuntun lọ sígbó lọ́jọ́ tí a rà á. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Wọ̀ ọ́ nínú yàrá, wọ̀ ọ́ lọ ra búrẹ́dì, wọ̀ ọ́ lọ sí bánkì náà bó o bá láyà. Bí ọ̀gá rẹ bá bi ọ́, sọ pé ìyá rẹ ló pàṣẹ, mi ò sí lábẹ́ bánkì wọn. Bí òjò bá pa á, má sá a sẹ́bàá iná, awọ á gan, á sì sán. Ki bébà sí i, gbé e síbi tí atẹ́gùn wà. Òrí ni kí o máa fi pa á. Má kun pólíṣì, ẹran á ti gbóòórùn rẹ kí o tó rí i. Gbọ̀n ọ́n dáadáa kí o tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, torí àkeekèé kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọ bàtà.

Ó ku èyí tó wúwo jù lọ́kàn mi. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yìn ọ́ nítorí ìrora tí kò ní láárí. Àwọn àgbà á sọ fún ọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Òtítọ́ ni. Ẹ̀gún wà nínú igbó, ejò wà níbẹ̀, òjò wà níbẹ̀, ebi wà níbẹ̀. Ìyà tí igbó ń fi jẹ ọdẹ ti tó o. Kí ilé má fi tirẹ̀ kún un. Nígbà tí ẹnì kan bá ń pè ọ́ ní akọni, wo ẹsẹ̀ rẹ kí o tó dúpẹ́.

Mi ò ní kí o má ṣọdẹ. Kí ẹnikẹ́ni má pa irọ́ yẹn mọ́ mi. Ọdẹ ni mo fẹ́, ọdẹ ni mo sì bí. Wá sílé Iléyá, dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá Àgbà, má gbójú sókè wò wọ́n. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Tẹ̀ lé wọn gun àpáta ẹ̀yìn Kúta lọ́jọ́ kẹta ọdún, lórúkọ bàbá rẹ, pẹ̀lú bàtà tó gba ẹsẹ̀ rẹ. Bí Ọlọ́run bá fún ọ lẹ́ran, gé itan rẹ̀ fún Bàbá Àgbà. Kí o wá máa rìn bọ̀ wálé fúnra rẹ, kí n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì lójúde. Kò sí ohun mìíràn tí mo fẹ́ gbọ́ láyé yìí.

Wọ́n á bi ọ́ pé, bàtà ilé ńkọ́? Jẹ́ kí n fún ọ lésì tí o máa fún wọn.

Àárọ̀ àná ni mo wọ yàrá Bàbá Àgbà. Èmi ni mò ń gbálẹ̀ ibẹ̀ lójoojúmọ́, àpótí náà ò sì ní àgádágodo. Mo gbé bàtà náà jáde. Mo gbọn eruku rẹ̀, mo fi òrí pa á, mo sì ki ẹsẹ̀ mi bọ̀ ọ́. Àkànní, ó gbà mí. Kò fún mi, kò tóbi jù fún mi, bí ẹni pé ẹsẹ̀ mi ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó rán an. Mo jókòó sórí àpótí náà, mo sunkún gan-an. Bàtà tó pa ẹsẹ̀ ọkọ mi ló wá tù mí lẹ́sẹ̀ báyìí.

Mo nu ojú mi, mo gbé igbá ọjà mi, mo sì gba iwájú Bàbá Àgbà kọjá níbi tí wọ́n ti ń rin pákò.

"Kí ni mo ń rí lẹ́sẹ̀ rẹ yìí?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàtà ilé ni, Bàbá. Ẹ ní kò gbọdọ̀ ṣófo."

"Mo ní ẹsẹ̀ ilé! Ṣé ìwọ lọmọ ilé?"

"Ẹ wo àgbàlá yìí, Bàbá. Láti ìgbà tí mo ti dé bí ìyàwó, àárọ̀ kan ò lọ kí n má gbá a. Bí ẹsẹ̀ mi ò bá jẹ́ ẹsẹ̀ ilé, ẹ bá mi wá ẹni tó ni ipa ẹsẹ̀ tó kún ilẹ̀ yìí."

Mo dìde, mo sì gba ọjà lọ. Títí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, mi ò bọ́ bàtà. Ọ̀nà Odò-Ọ̀rì tẹ́jú, kò sí àpáta níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo máa wọ̀ ọ́ lọ, lójoojúmọ́, títí á fi gbó pátápátá.

Nítorí náà, bí wọ́n bá bi ọ́, má bá wọn ṣàlàyé gígùn. Sọ pé bàtà Bàbá Ṣọ́jà wà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ mi wọ̀ ọ́, kó kọ́kọ́ wá bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ mi.

Mò ń retí rẹ ní Sátidé, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Má gbàgbé ìbọ̀sẹ̀.

Èmi ni, ìyá rẹ,
Ìyá Múfú oníbàtà